Ṣé ski tí àwọn asáré ìdíje ń lò àti èyí tí wọ́n ń tà fún wa ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan náà ni?

AjalaDenver

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ yìnyín ni mo tún gbé dé, mo mọ̀ pé àwọn kan níbí ṣì ń bi mí pé kí ló gbé ọmọ Ìbàdàn dé orí òkè tó ń yọ̀. Ọdún kẹrin mi rèé tí mo ti ń ṣe ski, ìyẹn kéèyàn de pákó gígùn méjì mọ́ bàtà kó fi yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí yìnyín, ní Colorado níbí, àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ló fà mí wọ̀ ọ́, mi ò kí ń ṣe ọ̀gá ńbẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo ti kúrò lẹ́ni tí àwọn ọmọ ọdún márùn-ún ń fò kọjá lórí. Kílò 78 ni mo wọ̀n, ọdún 41 ni mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a máa ń dara pọ̀ mọ́ NASTAR, ìyẹn eré ìdíje tí wọ́n ń ṣe fún àwa èrò lásán lórí òkè, ẹ máa gba àárín àwọn ọ̀pá kọjá, wọ́n á ka àkókò yín, wọ́n á wá fi wé ti ọ̀jáfáfá kan kí wọ́n tó mọ̀ bóyá àmì ẹ̀yẹ tọ́ sí yín. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, lù mí níbẹ̀ bí ẹni lu bàrà. Ìgbà mẹ́ta!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí ẹnì kan tó ń ta ski tòkunbọ̀, gígùn ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 193, wọ́n kọ radius 30 m sí i lára, ó ní ọwọ́ ọmọ kan tó ń sáré fún yunifásítì ló ti bọ́, dọ́là 250 péré. Mo lọ wò ó nínú gáréèjì ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé e, ó wúwo bí irin rélùwéè, mo fi orúnkún tì í láàárín kí n lè tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe máa ń tẹ tèmi, kò tiẹ̀ dá mi lóhùn. Àwọ̀ ẹ̀ àti àwòrán ara ẹ̀ sì bá ti ọ̀kan tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù mu délẹ̀délẹ̀, èyí tí wọ́n kọ World Cup, ìyẹn orúkọ ìdíje ski àgbáyé, gàdàgbà sí lára, tí owó ẹ̀ ju 1,000 dọ́là lọ. Ìbéèrè mi rèé: kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an? Ṣé èyí ni ojúlówó, tí ti ṣọ́ọ̀bù wá jẹ́ ayédèrú? Ṣé kí n gbé e kí n lè lé ìyá yẹn bá?

OmoAgbede_Innsbruck

Ẹ̀gbọ́n Àjàlá, ẹ kú ìrìn. Ohun tí mo fi ń jẹun rèé, ọdún keje mi rèé ní wọ́kṣọ́ọ̀bù tá a ti ń tún ski ṣe ní Innsbruck, ní Austria níbí, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ ojúlówó àti ayédèrú kúrò ńbẹ̀. Táńkà agbépo kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá tó dáa jù, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ló yàtọ̀, ẹ gbé táńkà wọ inú Bẹẹrẹ lọ́jọ́ ọjà kẹ́ ẹ wò ó.

Nọ́ńbà 30 tẹ́ ẹ rí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà mọ ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, bí okùn ẹ̀ bá ṣe gùn tó ni ibi tó máa yí ká ṣe máa fẹ̀ tó. Etí ski ò gún, ó jẹ wọnú díẹ̀ láàárín, tẹ́ ẹ bá wá fa ìlà ibi tó jẹ yẹn títí tó fi di òbìrí, okùn ewúrẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní radius. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù pé irú ti slalom ni, ìyẹn eré tí ọ̀pá ẹ̀ sún mọ́ra tí èèyàn á máa yí lemọ́lemọ́, okùn ẹ̀ máa ń wà ní bíi mítà 12 sí 13, ẹ kàn dà á sórí etí báyìí, á yí fúnra ẹ̀, ẹ ó máa rò pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ti 30, tẹ́ ẹ bá dà á sórí etí láìsí eré lára yín, ọ̀kánkán ló máa gbé yín lọ gbọọrọ bí ọkọ̀ tí síárìn ẹ̀ ti há, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá ń sáré tó le gan-an, tí eré yẹn ń fi ara yín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bíi pé kílò yín ti di ìlọ́po méjì, kó tó gbà láti ká.

Kì í tiẹ̀ ṣe pé àwọn asáré ló fọwọ́ ara wọn yàn án bẹ́ẹ̀. Òfin ni. FIS tó ń darí eré ski lágbàáyé ló ní ski giant slalom, ìyẹn irú slalom tí ọ̀pá ẹ̀ jìnnà síra, tàwọn ọkùnrin ò gbọdọ̀ kúrú ju sẹ̀ǹtímítà 193, radius ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín ní mítà 30, tàwọn obìnrin 188 àti 30. Super-G ọkùnrin, tó tún yára jù ú lọ, 210 àti 45. Downhill ọkùnrin, tó yára jù nínú gbogbo wọn, 218 àti 50, ẹ wo 218 yẹn dáadáa, ilẹ̀kùn yàrá yín ò ga tó o. Slalom nìkan ló kúrú, 165 fún ọkùnrin, 155 fún obìnrin. Orúnkún ló fà á. Ski tó bá jẹ wọnú jù máa ń ṣàdédé gbá yìnyín mú, á wọ́ ẹsẹ̀ lọ síbi tí ara tó kù ò tíì múra àtilọ, iṣan orúnkún á já, ni wọ́n ṣe gbé ti giant slalom ọkùnrin láti 27 lọ sí 35 ní 2012. Ted Ligety, ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó pariwo jù pé òfin yẹn ò dáa, pé ó máa ba eré jẹ́. Wọ́n wá dé Sölden, tí ò jìnnà sí mi níbí, ìdíje giant slalom àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin tuntun, òun náà ló gbégbá orókè, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 2.75 ju ẹnì kejì lọ! Nínú eré tí wọ́n ti ń fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá yanjú ọ̀rọ̀ o. Ní 2017 ni wọ́n wá dá a padà sí 30.

Ilẹ̀ tí wọ́n ń sá a lórí ẹ̀ náà kì í ṣe irú tiwa. Níbi World Cup wọ́n máa ń fi ọ̀pá tó ní ihò tẹ omi sínú yìnyín kó lè dì gbagidi, kí ẹni tó máa sọ̀ kalẹ̀ níkẹyìn má baà bá kòtò pàdé. Ẹ máa rí òjìji ara yín níbẹ̀ bíi gíláàsì. Ski tó rọ̀ máa gbọ̀n lórí irú ẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ìdí nìyẹn tí èyí tẹ́ ẹ rí ní gáréèjì ò fi dá yín lóhùn. Igi ló wà láàárín ẹ̀, ewé irin kan lókè, kan nísàlẹ̀, Titanal lórúkọ ẹ̀, ti ṣọ́ọ̀bù tówó ẹ̀ wọ́n náà máa ń ní in, àmọ́ ti asáré máa ń nípọn jù, kò sì sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ kó rọ̀, kódà nídìí àti níwájú.

Etí irin ẹ̀ ńkọ́? Fáìlì là ń fi pọ́n ọn bíi àdá. Ti èrò, a máa ń pọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sí dígíríì 2, ìsàlẹ̀ 1, kó lè fara mọ́ àṣìṣe díẹ̀. Ti asáré, ẹ̀gbẹ́ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ààbọ̀ dígíríì. Ẹ fi ìka kàn án láìwọ gílọ́ọ̀fù, ẹ̀jẹ̀ á ti dé kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó dùn yín. Àpá ẹ̀ wà lórí àtàǹpàkò mi òsì.

Ti World Cup tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wá ńkọ́? Jẹ́sì ni. Ẹni tó ra jẹ́sì Osimhen, ṣé òun ló máa gbá pẹnárítì? Wọ́n mú àwọ̀ àti orúkọ lé ski míì lórí, ski tó dáa ni o, radius ẹ̀ á wà ní 13 tàbí 17 tàbí 18, èèyàn á gbádùn ẹ̀ dọ́ba. Tiyín wá wà láàárín, ti FIS tí àwọn ọmọ kílọ́ọ̀bù àti yunifásítì ń rà nìyẹn. Àwọn tẹ́ ẹ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, tiwọn kì í dé ṣọ́ọ̀bù kankan, ẹ̀ka ìdíje iléeṣẹ́ ló ń ṣe é, asáré kan á ní péà rẹpẹtẹ, oníṣẹ́ ẹ̀ á máa fi aago dán wọn wò, á mọ èyí tó yá nígbà tí òtútù mú dáadáa àtèyí tó yá nígbà tí oòrùn bá ti rọ yìnyín. Marcel Hirscher tó gba ife àpapọ̀ World Cup ní ọdún 8 léraléra, 2012 sí 2019, òkìkí ẹ̀ kan nídìí dídán nǹkan wò yìí ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ binding o, ìyẹn ohun tó di bàtà mọ́ ski. Nọ́ńbà wo ló wà lára ẹ̀?

IyaTomi_MK

Ẹ ṣeun Ọmọ Àgbẹ̀dẹ, ẹ sọ ọ́ tó yéni. Àmọ́ ẹ gbàgbé bàtà, èmi ni kí wọ́n sì máa bi léèrè bàtà torí owó mi ló bá a lọ.

Milton Keynes, ní England, la wà, yìnyín inú ilé la ń lò, ìyẹn ibi tí Kwame Nkrumah-Acheampong tó ṣojú Ghana ní Vancouver 2010 ti kọ́ ski, ẹ ò rí i pé àwa aláwọ̀ dúdú ti wà ńbẹ̀ tipẹ́. Tọ́mi ọmọ mi wọ kílọ́ọ̀bù ìdíje lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹnì kan bá gbé bàtà ìdíje tòkunbọ̀ wá, 26.5, sáìsì ọmọ mi gan-an, kò já wálẹ̀ níbì kankan, mo ní Ọlọ́run ṣeun, mo sanwó. Ọmọ wọ̀ ọ́ nínú páàkì mọ́tò, ẹsẹ̀ ò wọlé, a tì í, ó wọlé, ó di ìdè àkọ́kọ́ lára bàtà, ó di ìkejì, ó wò mí lójú, omi ti lé ròrò lójú ẹ̀. Ọmọ ọdún 15! Ìgbà tá a máa fi bọ́ ọ, èkánná àtàǹpàkò ẹ̀ ti dúdú. Ó sunkún ẹsẹ̀, èmi sunkún owó.

Kóòṣì ló wá jókòó là mí lóye. Bàtà tí wọ́n ń tà fún èrò, ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù máa ń tó mìlímítà 98 lọ sí 104, inú ẹ̀ fúlẹ̀fúlẹ̀ bíi tìmùtìmù. Ti asáré, 92 sí 95 péré, inú ẹ̀ fẹ́lẹ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é há ni, pílásítíìkì ẹ̀ wá nípọn kí oníṣẹ́ lè máa gbẹ́ inú ẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ odó, ibí yìí díẹ̀, ọ̀hún díẹ̀, títí á fi di ti ẹsẹ̀ ẹni yẹn nìkan. Torí náà tẹ́ ẹ bá ra bàtà ìdíje tòkunbọ̀, ẹsẹ̀ ẹlòmíì lẹ rà yẹn o. Àwọn asáré náà kì í wọ̀ ọ́ kiri, inú báàgì tó ń gbóná ni wọ́n ń gbé e sí kí pílásítíìkì lè rọ̀, ó di ẹnu ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbéra kí wọ́n tó dì í pa, wọ́n bá délẹ̀ tán, pá pá pá, wọ́n ti tú u.

Nọ́ńbà flex, ìyẹn bí bàtà ṣe le tó, tí wọ́n ń kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀ náà, 110, 130, 150, ẹ má jẹ́ kó kó sí yín lórí, kò sí ìwọ̀n kan tí gbogbo iléeṣẹ́ jọ ń lò, 130 ẹnì kan lè rọ̀ ju 120 ẹlòmíì lọ.

Alatako_Wura

Gbogbo yín ń sọ ọ́ bíi pé nǹkan ìdíje ló ń kọ́kọ́ wá kí ti èrò tó tẹ̀ lé e. Ṣé ẹ ti gbàgbé Bode Miller, asáré ski ọmọ Amẹ́ríkà yẹn, ni? 1996, ọmọ ọdún 18 láti New Hampshire, gbé K2 Four lọ sí Junior Olympics ní Sugarloaf, Maine. Ski èrò ni K2 Four o, tó jẹ wọnú láàárín nígbà tí ski gbogbo asáré ṣì gún bí igi pákó. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ó fi na gbogbo wọn. Elan, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ski ní Slovenia, ti gbé irú ẹ̀ jáde kó tó dìgbà yẹn, àwọn ọ̀gá ìdíje ni ò kà á sí. Torí náà ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yìí gbádùn ara ẹ̀ jàre, ohun tó bá wù ú ni kó wọ̀.

OmoAgbede_Innsbruck

Alátakò, òótọ́ lẹ sọ nípa Miller, mi ò jiyàn, mo tiẹ̀ fẹ́ràn ìtàn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìtàn yẹn kọjú sí: ski tó rọrùn láti yí ló fi borí àwọn tó gbé èyí tó le. Tèmi lẹ̀ ń tì lẹ́yìn yẹn, ẹ ò mọ̀ ni.

AjalaDenver

Hẹ̀hẹ̀hẹ̀, ẹ má jà nítorí tèmi. Ìyá Tọ́mi, ẹ kú ìnáwó o, ẹ bá mi kí ọmọ. Mo ti padà lọ wo binding. Wọ́n kọ 8–18 sí i, ó dúró lórí 14. Bàtà tèmi, abẹ́ ẹ̀ ní rọ́bà tó tẹ̀ díẹ̀ kí èèyàn lè rìn dáadáa, GripWalk ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní kí n kàn rọ nọ́ńbà yẹn wálẹ̀, pé kò sí wàhálà.

OmoAgbede_Innsbruck

Wàhálà ti wà.

Nọ́ńbà yẹn ni agbára tí binding fi di bàtà mú kó tó jọ̀wọ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣubú. Asáré á yí i sókè torí pé ìgbọ̀n-ọn-rìrì orí yìnyín dídì yẹn lè bọ́ ski lẹ́sẹ̀ ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣubú. Johan Clarey, asáré downhill ará Faransé, sá eré kìlómítà 161.9 ní wákàtí kan ní Wengen, ní Switzerland, lọ́dún 2013, ẹ fojú inú wo kí ski kan bọ́ lórí ìyẹn. Òun àti dókítà ẹ̀ ti mọ̀ pé tó bá wá ṣubú, ó ṣeé ṣe kí binding pẹ́ kó tó jọ̀wọ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀yin, kílò 78, bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é yẹn, àtẹ nọ́ńbà tá à ń lò á fún yín ní nǹkan bíi 6 sí 8, ó kù sọ́wọ́ gígùn bàtà yín àti ọjọ́ orí. Binding yìí, 8 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tó rọ̀ jù lára tiẹ̀ ni tiyín parí sí. Ẹ bá ṣubú jẹ́jẹ́, nídìí eré kékeré, irú èyí tí ẹsẹ̀ máa ń lọ́ díẹ̀díẹ̀, kò ní jọ̀wọ́ yín, orúnkún yín ló máa jọ̀wọ́.

GripWalk yẹn náà, ọ̀pọ̀ binding ìdíje ni ò gbà á, abẹ́ bàtà pẹrẹsẹ ti àtijọ́ nìkan ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ihò tí wọ́n lu sórí ẹ̀ sì wà fún gígùn bàtà ọmọ yunifásítì yẹn, kì í ṣe bíi ti ṣọ́ọ̀bù tá a máa ń fi skrúdiráfà sún síwá sẹ́yìn níṣẹ́jú méjì.

Tẹ́ ẹ bá ṣáà fẹ́ ra nǹkan kan lára ti asáré, akoto ni kẹ́ ẹ rà. Mi ò ṣàwàdà. Èyí tó ní àmì FIS RH 2013, wọ́n máa ń fi orí ẹ̀ gbá irin ní eré mítà 6.8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kí wọ́n tó fún un lámì yẹn, ti èrò tó ní àmì EN 1077, ìwọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù, nìkan kì í tó bẹ́ẹ̀, ti FIS yìí tún le níbi tó bo etí. Àlébù ẹ̀ ò ju pé ẹ ò ní gbọ́ nǹkan dáadáa tí wọ́n bá ń pè yín.

IyaTomi_MK

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń wọ̀ mọ́ra yẹn ńkọ́? Ó ń wu Tọ́mi bíi nǹkan míì.

OmoAgbede_Innsbruck

Àǹtí, ẹ rà á fún un tó bá ń díje, àmọ́ kó fi kóòtù lé e títí á fi kàn án, òtútù á wọ egungun ẹ̀. Òfin wà lórí ìyẹn náà o, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ lè gba inú ẹ̀ kọjá, ó kéré tán lítà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lórí mítà kan níbùú lóròó, torí pé láyé àtijọ́ wọ́n ń fi nǹkan bíi ọ̀rá bò ó, ẹni tó bá ṣubú á máa yọ̀ lọ láìdúró. Kódà wáàsì tá à ń fi áyọ́ọ̀nù yọ́ sí abẹ́ ski, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ragnhild Mowinckel ará Norway, ní Sölden lóṣù kẹwàá 2023, wọ́n bá fluor, kẹ́míkà inú wáàsì tí wọ́n ti fòfin dè, lára ski ẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ gbafẹ́, ẹ ra wáàsì tó bá wà nílẹ̀ jàre.

AjalaDenver

Àbọ̀ rèé. Mo gbójú gbóyà lónìí mo bi ọ̀gá mi pé ski wo lẹ fi ń nà mí gan-an. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó mú mi lọ sídìí mọ́tò ẹ̀, ó fà á jáde. Ti ṣọ́ọ̀bù ni! Radius 18, ó ti lò ó fún ọdún mẹ́fà, àwòrán ara ẹ̀ ti ha kúrò tán, ṣùgbọ́n etí yẹn, mo fẹ̀yìn èkánná fà á báyìí, ó bó o bí ẹni bó iṣu. Ó ní gbogbo alẹ́ Jímọ́ọ̀ lòun ń pọ́n ọn, òun àti fáìlì òun, pẹ̀lú rédíò. Tèmi, mi ò pọ́n ọn rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Ọmọ Àgbẹ̀dẹ, irú fáìlì wo ni kí n wá?

Ẹni tó ń ta ski yẹn tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ sí mi báyìí o. Ó ní òun ti já a sí 180.

OmoAgbede_Innsbruck

Fáìlì àti ohun tó ń di igun ẹ̀ mú sí dígíríì 2, kò ní tó dọ́là 80. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀.

AjalaDenver

Mo ti gbé e sílẹ̀.

AjalaDenver

Ó ti di 150.